Módẹ́ẹ̀lì Tó Fẹ́ Di Òṣèré Fíìmù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tí kámẹ́rà fọ́tò bá ti fẹ́ràn, kámẹ́rà fíìmù náà kò ní ṣàì fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tó rẹwà lè mú kí wọ́n pè ọ́ wá ṣe ìdánwò, ó tiẹ̀ lè mú kí wọ́n fún ọ ní ipa kékeré kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò mú kí wọ́n tún pè ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé púpọ̀ nínú ohun tí módẹ́ẹ̀lì fi ọdún gbọọrọ kọ́, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, gan-an ni fíìmù kò fẹ́ rí. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ní kí o jẹ́ kó hàn pé o mọ ibi tí kámẹ́rà wà. Iṣẹ́ òṣèré ní kí o mọ ibẹ̀, kí o sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Gbígbé ojú fọ́tò wá síwájú kámẹ́rà fíìmù

Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 200, ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ti tó láti ya fọ́tò. Láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fà wọnú, ètè tí a là díẹ̀, àgbọ̀n tí a nà síwájú, gbogbo rẹ̀ máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n fíìmù ń ya àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kámẹ́rà sì lè tẹjú mọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì láìgé e. Ojú tó bá dúró gbagidi fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ á dà bí ojú ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Bí olùdarí bá ní módẹ́ẹ̀lì kan “ń pósì”, ohun tó ń sọ nìyẹn: ojú náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí o lè fi yẹ ara rẹ wò. Gbé fóònù kalẹ̀, kí ẹnì kan jókòó síwájú rẹ, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an fún ọ, kí fóònù sì máa gba ojú rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, pa ohùn rẹ̀ kí o tó wò ó. Wo ohun mẹ́ta: bóyá o yí ẹ̀gbẹ́ ojú tó o mọ̀ pé ó dára jù sí fóònù, bóyá o ń gbé àgbọ̀n sókè láti fi wá ìmọ́lẹ̀, bóyá ojú rẹ ń dúró de ìgbà tí onítọ̀hún bá parí gbólóhùn kó tó yí padà. Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ ní tòótọ́, àárín gbólóhùn ẹlòmíì ni ojú rẹ̀ ti máa ń yí padà, torí ó ti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí o bá rí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tún un ṣe lọ́la pẹ̀lú ẹlòmíì àti ọ̀rọ̀ mìíràn. Kì í ṣe dígí ló máa wo àrùn yìí. Dígí gan-an ló dá a sílẹ̀.

Àwọn kan á gbọ́ èyí tán, wọ́n á wá fò sí òdìkejì: wọ́n á máa yí ojú po, wọ́n á máa gbé ìpéǹpéjú sókè sódò. Ìyẹn náà kò dára. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú rẹ, tí wọ́n sì fi hàn lórí ògiri sinimá, ojú yẹn lè ga ju ẹ̀dá èèyàn méjì lọ. Bí ìpéǹpéjú bá mì díẹ̀, gbogbo èèyàn á rí i. Bí kámẹ́rà bá jìnnà, ojú kò ní í sọ nǹkan kan, ara ló máa sọ̀rọ̀. Torí náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bi ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ibo ni àwòrán gé mi dé?” Bó bá ní àyà ni, tàbí orúnkún ni, o ti mọ ìwọ̀n tó yẹ kí o lò. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìtàn Lauren Bacall yẹ ní mímọ̀ níbí, torí àwọn tó ń fara wé e kì í rántí ibi tó ti wá. Módẹ́ẹ̀lì ni, wọ́n sì rí i ní iwájú ìwé ìròyìn Harper's Bazaar ní 1943. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1944, ẹ̀rù bà á débi pé orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rí i pé bí òun bá tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, tí òun sì gbé ojú sókè wo ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, orí náà kì í gbọ̀n mọ́. Wíwò yẹn ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Ìṣòro ló fi yanjú, kò pósì rárá. Ẹni tó bá kàn tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ láìsí ohun tó ń tì í, fọ́tò ló ń yà.

Rírìn bí ẹni tó wà lórí pèpéle oge

Lórí pèpéle, ẹsẹ̀ kan ń lọ síwájú èkejì lójú ìlà kan náà, ìdí ń yí, èjìká dúró, ojú kò wo ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú kì í rìn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ọlọ́pàá ń lé kì í rìn bẹ́ẹ̀. Bàtà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe: ní kí àwọn tó ń bójú tó aṣọ fún ọ ní bàtà tí ẹ̀dá inú eré náà máa wọ̀ láti ìgbà ìfidánrawò, kì í ṣe ní ọjọ́ ìyàwòrán. Fi bàtà pẹlẹbẹ rìn, gbé ẹrù tó wúwo díẹ̀ sí ọwọ́ kan, kí o sì ní ibi tó ò ń lọ àti ìdí tó o fi ń lọ. Bí ọkàn bá ti wà níbi tí à ń lọ, ẹsẹ̀ á gbàgbé pèpéle.

Gbígbàgbé pé ohùn wà

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tó burú jù, torí ó máa ń fara pa mọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò. Módẹ́ẹ̀lì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá láìsọ gbólóhùn kan níwájú kámẹ́rà. Ó dé ibi ìdánwò, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ohùn tín-ín-rín tí kò ní èémí ló jáde, ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ń rì sínú ọ̀fun. Gbogbo ohun tí ojú ti ṣe, ohùn bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Andie MacDowell kò ṣókùnkùn sí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Módẹ́ẹ̀lì tó gbajúmọ̀ ni nígbà tí wọ́n mú un fún fíìmù Greystoke, tó jáde ní 1984. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà hàn ketekete lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ní kò bá ẹ̀dá tó ń ṣe mu. Ohùn òṣèré mìíràn, Glenn Close, ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tirẹ̀ wà lórí ògiri, ohùn ẹlòmíì ló ń jáde. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ kọ́ṣẹ́ eré lọ́dọ̀ olùkọ́, nígbà tó sì di 1989, fíìmù Sex, Lies, and Videotape mú kí àwọn tó ti kọ̀ ọ́ tún ojú wò ó.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni. Ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀. Fi márùn-ún àkọ́kọ́ mí: dùbúlẹ̀, gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ikùn gbé ọwọ́ sókè bí o ṣe ń mí wọlé, kí èjìká má ṣe kópa kankan. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì ti mọ́ fífa ikùn wọnú débi pé inú àyà nìkan ni wọ́n ti ń mí, ìdí sì nìyẹn tí ohùn wọn fi máa ń tín-ín-rín. Fi mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ka ìwé sókè, kí o sì ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe rì. Gba ìyókù sílẹ̀ sórí fóònù, kí o gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì, torí lọ́jọ́ kan náà, etí rẹ á ṣì máa ṣàánú rẹ.

Má ṣe rò pé kí a lóhùn ni kí a pariwo. Ẹ̀rọ agbóhùn kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ ń gbọ́ kódà ìgbà tí o gbé itọ́ mì. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀rọ̀ tó já gaara ní ohùn ilé. Bí o bá sì ń fọwọ́ kan àyà rẹ, tàbí tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ ń lu ẹ̀rọ náà, ìró náà á bo ọ̀rọ̀, wọ́n á sì ní kí o padà wá tún ohùn gbà sílẹ̀ nínú yàrá lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Sísọ ọ̀rọ̀ kan náà kó bá ètè ara ẹni mu lójú àwòrán, ó le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Híhá ọ̀rọ̀ eré sórí pẹ̀lú orin rẹ̀

Bí wọ́n bá fi ojú-ewé méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ fún ìdánwò, mọ̀ pé ojú-ewé kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan, pẹ̀lú ìró kan pàtó, títí ìró náà á fi lẹ̀ mọ́ ọn. Bí olùdarí bá wá ní, “Ṣe é bí ẹni pé o ń rẹ́rìn-ín sí i,” ìró kọ̀ láti kúrò. Há a sórí láìsí adùn kankan, bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù, nígbà tí o bá ń fọ abọ́ tàbí tí o bá ń rìn. Há ọ̀rọ̀ ẹnì kejì náà sórí, ó kéré tán gbólóhùn tó ṣáájú tìrẹ kọ̀ọ̀kan.

Kí o tó há ohunkóhun sórí, kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sí etí ìwé: Kí ni ẹni yìí ń wá lọ́wọ́ ẹnì kejì ní ìṣẹ́jú yìí gan-an? Kí ló ń dí i lọ́wọ́? Gbólóhùn wo ni nǹkan ti yí padà? Bí o kò bá rí ìdáhùn ìbéèrè kẹta yìí, o kò tíì ka ìran náà tán. “Inú rẹ̀ bà jẹ́” kì í ṣe ìdáhùn. Fọ́tò ni ìyẹn. “Ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí má ṣe jáde kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú” ni ìdáhùn.

Fífi káàdì módẹ́ẹ̀lì wá iṣẹ́ òṣèré

Káàdì módẹ́ẹ̀lì ń sọ nípa gíga, àyà, ìbàdí, ìdí àti bàtà. Fọ́tò oríṣiríṣi ló sì wà lórí rẹ̀, nínú èyí tí o ti jọ ènìyàn márùn-ún. Ẹni tó ń yan òṣèré kò fẹ́ ènìyàn márùn-ún. Ẹni tó máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́la ló fẹ́ rí.

Fọ́tò òṣèré máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyà sókè, íǹṣì 8 sí 10 ni bó bá jẹ́ èyí tí a tẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní lẹ́tà tàbí òdòdó lára, irun bí o ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, àtíkè àti tìróò díẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n lè yọ irorẹ́ tó máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àpá, ilà abẹ́ ojú, àmì ara, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí fọ́tò bá dára jù ọ́ lọ, kò sí oore tó ṣe fún ọ: inú ẹni tó pè ọ́ á ti bà jẹ́ kí o tó lanu. Fọ́tò méjì tó, ọ̀kan tó fúyẹ́, ọ̀kan tó le díẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá gé irun tàbí tí o bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, fọ́tò àtijọ́ ti kú nìyẹn.

Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ, ìlà kan ṣoṣo ló tó fún iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì. Má ṣe to orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ogún sílẹ̀. Kọ ipa tí o ṣe, orúkọ eré àti olùdarí, kódà bó jẹ́ eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lábẹ́ ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe, má purọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun mọ ẹṣin gùn, wọ́n á gbé e gun ẹṣin.

Fídíò ìdánwò tó dà bí ìpolówó ọjà

Lóde òní, fídíò tí o yà nílé ni ìdánwò àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́. Módẹ́ẹ̀lì máa ń ba èyí jẹ́ torí ó mọ bí a ṣe ń ṣe ohun tó rẹwà: á fi àwọ̀ sí àwòrán, á fi orin sí abẹ́ ọ̀rọ̀, á fi ẹ̀rọ dán awọ ojú. Má ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Gbé fóònù ní ìbú, kì í ṣe ní òró, lórí ohun tí kò ní mì, kí lẹ́ǹsì bá ojú rẹ dọ́gba. Ògiri tí kò ní nǹkan kan lára ni kó wà lẹ́yìn rẹ, kí o sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì jìnnà sí i kí òjìji rẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Kọjú sí fèrèsé. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn rẹ, ojú rẹ á dúdú. Àwòrán máa gé ọ láti àyà sókè. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹnì kejì fún ọ gbọ́dọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì tímọ́tímọ́, kí ojú rẹ méjèèjì lè hàn, kí ó sì rọra ka tirẹ̀, torí òun ló sún mọ́ fóònù jù. Má ṣe wo inú lẹ́ǹsì àfi nígbà tí o bá ń sọ orúkọ àti gíga rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, bí wọ́n bá ní kí o ṣe é.

Bí wọ́n bá béèrè fún fídíò méjì, fi méjì tó yàtọ̀ síra ránṣẹ́. Kí èkejì má jẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kọ orúkọ fáìlì bí wọ́n ṣe ní kí o kọ ọ́. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún fídíò níwájú kò ní í wá èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “fídíò tuntun 2”.

Lọ́jọ́ ìyàwòrán

Ayàfọ́tò máa ń yin módẹ́ẹ̀lì láìdákẹ́: “Ó dára! Bẹ́ẹ̀ náà! Yí sí mi díẹ̀!” Níbi fíìmù, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu bí o ṣe ń ṣe é, bí olùdarí bá sì pe “Gé!”, ohun tó lè tẹ̀ lé e ni “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Módẹ́ẹ̀lì tuntun á rò pé òun ti kùnà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan padà, á sì ba èyí tó dára jẹ́. Ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló kú, ó lè jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló kọjá, ó lè jẹ́ lẹ́ǹsì ló ṣìnà. Bí kò bá sọ ohun tó fẹ́ kí o yí padà, má ṣe yí nǹkan kan padà.

Wọ́n á lẹ téèpù tó dà bí lẹ́tà T mọ́ ilẹ̀ níbi tí o gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí o bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan kọjá rẹ̀, o lè ti jáde kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, kí àwòrán rẹ sì rí bàìbàì. Kò gbọ́dọ̀ hàn pé ò ń wò ó. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á dúró lórí téèpù náà, wọ́n á fi ẹ̀yìn rìn padà sí ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka ìṣísẹ̀ wọn, wọ́n á sì fi iye kan náà rìn wá nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọ, yan ojú kan lára ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀, èyí tó sún mọ́ lẹ́ǹsì, kí o sì máa wo ìyẹn nìkan. Bí o bá ń ti ojú ọ̀tún bọ́ sí ti òsì, ojú tìrẹ á dà bí èyí tó ń sá kiri.

Wọ́n á ya ìran kan náà láti ọ̀kánkán, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkèèrè. Bó bá jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ “lọ” ni o ti fi ọwọ́ òsì gbé kọ́ọ̀bù ní àkọ́kọ́, orí “lọ” ni o gbọ́dọ̀ máa gbé e, ọwọ́ òsì, ní gbogbo ìgbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní lè so àwòrán pọ̀. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣàkọsílẹ̀ èyí, ṣùgbọ́n má ṣe fi gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n bá ń ya ti òkèèrè, tí wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, dín ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe kù, torí gbogbo ohun tó o bá ṣe níbẹ̀ ni wàá tún ṣe títí dé alẹ́. Má ṣe fọwọ́ kan irun rẹ láàárín. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìwà módẹ́ẹ̀lì láti tún un ṣe, fọ́tò irun yẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o.

Nígbà tí kámẹ́rà bá kọjú sí ẹnì kejì, tí o kò sí nínú àwòrán, má ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ bí ẹni tó ń sùn. Ohun tó o bá fún un ni òun náà yóò fún ọ nígbà tó bá kàn ọ́. Má sì ṣe fúnra rẹ pe “Gé!” Bí ọ̀rọ̀ bá ta ọ́ lẹ́nu nù, padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, kí o máa bá a lọ.

Bíbẹ̀rù kí ojú má burẹ́wà

Ẹni tó ń sunkún, imú rẹ̀ máa ń ṣàn, ètè rẹ̀ máa ń wọ́. Módẹ́ẹ̀lì á máa fi ìka nu omijé lábẹ́ ojú kí tìróò má bàa bà jẹ́, kámẹ́rà á sì rí i pé tìróò ló ń dùn ún. Charlize Theron, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ní ọmọ ọdún 16, fi nǹkan bí kílógírámù 13 sanra fún fíìmù Monster ní 2003, ó fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu, wọ́n sì yí awọ ojú rẹ̀ padà. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní 2004. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣi ìtàn náà lò. Sísanra kọ́ ni eré náà, ọ̀pọ̀ ló ti sanra tí kò sí ẹni tó rántí wọn. Bí wọ́n bá ní kí o yí ìwọ̀n ara padà, kí dókítà mọ̀ sí i, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé àwọn ni yóò sanwó rẹ̀.

Gbígba ipa “arẹwà” léraléra

Ipa àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún módẹ́ẹ̀lì sábà máa ń jẹ́ ti obìnrin tí kò lórúkọ: ọ̀rẹ́bìnrin olówó, ẹni tó wọlé tí gbogbo èèyàn yíjú. Gba ọ̀kan tàbí méjì, torí o nílò àwòrán tí o máa fi hàn. Bó bá di ìkẹrin, ìkarùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́lé fún ọ sí.

Jessica Lange ti fi ojú rí èyí. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni King Kong ti 1976, àwọn alárìíwísí sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé módẹ́ẹ̀lì lásán ni. Ó tó 1979 kí fíìmù mìíràn tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ní 1983 ó gba Oscar fún ipa rẹ̀ nínú Tootsie. Anjelica Huston náà, wọ́n bú fíìmù tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1969 débi pé ó yà sídìí iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó padà, kíláàsì ló kọ́kọ́ lọ, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ eré kan, Peggy Feury, ó sì gba Oscar tirẹ̀ ní 1986 fún Prizzi's Honor. Ti Cameron Diaz yàtọ̀ díẹ̀: The Mask, ní 1994, gbà á láyè láìṣe eré rí. Ó lè ti jókòó sórí irú ipa yẹn, ṣùgbọ́n fíìmù kéékèèké tí owó wọn kò tó nǹkan ló ṣe tẹ̀ lé e, níbi tí àṣìṣe kò ti wọ́n jù.

Ọjọ́ orí náà ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ẹni ọdún 35 ni Rene Russo, tí òun náà ti ṣe módẹ́ẹ̀lì rí, nígbà tí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1989. Má ṣe tìtorí ìkánjú fò mọ́ ipa tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú.

Nígbà tí o bá sì ní ipa tó ní ọ̀rọ̀, gé wọn pọ̀ di fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èyí tó dára jù ni kó ṣáájú. Má fi rírìn lórí pèpéle oge sí i, má fi orin sí i. Iye àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ lórí Instagram kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Fífọwọ́ sí ìwé láìkà á

Ajẹ́ńsì módẹ́ẹ̀lì sábà máa ń gba nǹkan bí 20 nínú 100 owó iṣẹ́. Aṣojú òṣèré sábà máa ń gba 10. Bí ìwé àdéhùn rẹ pẹ̀lú ajẹ́ńsì àkọ́kọ́ bá sọ pé “gbogbo iṣẹ́ ìdánilárayá” tàbí “gbogbo iṣẹ́ níwájú kámẹ́rà” jẹ́ tiwọn, àwọn méjèèjì lè béèrè ìpín lórí fíìmù kan ṣoṣo, 30 ti lọ nìyẹn. Kí o tó gba aṣojú tuntun, jẹ́ kí ajẹ́ńsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ wọn kò sí nínú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n.

Wo ìwé àdéhùn ìpolówó tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ohun ìṣaralóge máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò gbọ́dọ̀ gé irun tàbí yí àwọ̀ rẹ̀ padà láìgba àṣẹ, tàbí pé o kò gbọ́dọ̀ farahàn pẹ̀lú ọjà alátakò. Olùdarí tó fẹ́ fá orí rẹ kò mọ̀ nípa ìyẹn, ìwọ ló yẹ kí o sọ fún un kí o tó gba ipa. Ọjọ́ náà ńkọ́? Iṣẹ́ oge lè gba ọjọ́ méjì, wọ́n sì lè pè ọ́ ní àná rẹ̀. Fíìmù lè de ọ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi pamọ́ nítorí òjò. Má ṣe ta ọjọ́ kan fún ẹni méjì.

Ẹni tó bá ní kí o sanwó kó tó dán ọ wò, tàbí tó ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni ìdánwò wà lálẹ́, tàbí tó ní kí o fi fọ́tò ìhòhò ránṣẹ́ kí òun lè mọ bí ara rẹ ṣe rí, oníjìbìtì ni, bó ti wù kí káàdì rẹ̀ dán tó. Ìdánwò gidi kì í gba owó lọ́wọ́ òṣèré.

Fún ìran tí o ti máa bọ́ aṣọ, módẹ́ẹ̀lì tó ti mọ́ pípààrọ̀ aṣọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn pèpéle máa ń rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wà. Ti ẹ̀yìn pèpéle kò sí lórí fáìlì. Ti fíìmù á wà níbẹ̀ títí ayé. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́tọ̀: apá ara wo ló máa hàn, láti ibo, àwọn wo ló máa wà nínú yàrá, kí ni wọ́n máa fi bò ó, báwo ni wọ́n ṣe máa pa àwọn àwòrán tí wọn kò lò rẹ́, àti pé wọn kò ní í lò ó fún ìpolówó. Bí wọ́n bá mú ìwé náà wá bá ọ ní yàrá ìmúra láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, fi fóònù ya gbogbo ojú-ewé rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí aṣojú tàbí lọ́yà rẹ, kí o sì dúró de èsì kí o tó bọ́ ohunkóhun.